Kí O Tó Ra Ẹ̀rọ Agbohùnsílẹ̀: Ìmọ̀ràn fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Kò Ríran

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé o ti wọ Yunifásítì Èkó ní Akọkà. O kú oríire. Láti Pacelli ní Sùúrùlérè, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò ríran ní 1962, títí dé ibi tí o dé yìí, iṣẹ́ ńlá lo ṣe. Ní báyìí, o fẹ́ ra ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tí wàá máa gbé wọ kíláàsì. Èmi náà kò ríran, kásẹ́ẹ̀tì la fi kàwé láyé tiwa, oríṣiríṣi ẹ̀rọ ló sì ti gba ọwọ́ mi kọjá. Ohun tí mo fẹ́ kó yé ọ ni pé ẹ̀rọ tí o bá ní láti yá ojú ẹlòmíràn lò kó tó ṣiṣẹ́, kò tíì di tìrẹ. Nítorí náà, fetí sílẹ̀.

1. Fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó sanwó. Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ní kí wọ́n tú u kúrò nínú páálí, kí wọ́n fi lé ọ lọ́wọ́. Fi àtàǹpàkò wá bọ́tìnnì tó ń gba ohùn. Ó gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí àwọn tó kù, yálà ó yọ sókè tàbí ó jìn wọnú. Èyí tí gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ, tàbí tó jẹ́ pé gíláàsì nìkan là ń fọwọ́ rá, fi sílẹ̀ fún wọn. Olùkọ́ kì í dúró de ẹni tó ṣì ń wá bọ́tìnnì kiri.

2. Kó máa sọ̀rọ̀, kó má kàn máa dún píì-píì. Bí o bá béèrè ní ọjà Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì, ní Ọ̀tìgbà, pé "Ṣé ó ń sọ̀rọ̀?", wọ́n á ní "Ó ń sọ̀rọ̀ kẹ̀!", wọ́n á sì tẹ orin sí ọ létí. Ìyẹn kọ́ là ń wí. Ohùn tó ń ka ojú ẹ̀rọ jáde lo ń wá: orúkọ fáìlì, bátìrì tó kù, àti gbogbo ohun tó wà nínú mẹ́nù. Olympus DM-720 àti DM-770 ní in. Ilé iṣẹ́ Zoom ti Japan fi sínú H1essential, H4essential àti H6essential tí wọ́n gbé jáde ní 2024. Ní ti Victor Reader Stream, tí HumanWare ń ṣe ní Kánádà, àwa tí a kò ríran gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Ó ń kàwé, ó sì ń gba ohùn. Má tẹ̀lé orúkọ ilé iṣẹ́ lásán o, nítorí ẹ̀rọ méjì lè jáde láti ilé iṣẹ́ kan náà, kí ọ̀kan máa sọ̀rọ̀, kí èkejì yadi. Ní kí wọ́n tan ohùn náà fún ọ kí o tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí àwọn kan wà tó jẹ́ pé inú mẹ́nù tó dákẹ́ ni ìwọ fúnra rẹ máa ti lọ tan án.

3. Mọ̀ dájú pé ó ń gbà. Iná pupa tó ń tàn lórí rẹ̀, àwọn olójú ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn ẹ̀rọ kan wà, bí o bá tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, ńṣe ló kàn ń múra. Ó di ẹ̀ẹ̀kejì kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Má sì rò pé íápíìsì ni ẹ̀rí, nítorí bó ṣe ń múra yẹn náà, wàá máa gbọ́ ohùn olùkọ́ nínú rẹ̀ ketekete, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ń wọlé. Ẹ̀rí tó dájú ni pé kí o gba ọ̀rọ̀ díẹ̀ sílẹ̀ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, kí o dá a dúró, kí o sì gbọ́ ọ padà. Lẹ́yìn tí o bá bẹ̀rẹ̀ gan-an, ti àgádágodo bọ́tìnnì rẹ̀ bó bá ní in, kí ìwé inú àpò má baà tẹ̀ ẹ́ pa.

4. Ra èyí tó ń jẹ bátìrì tó wà káàkiri. O mọ iná ọba wa. H1essential ń lo AAA méjì, H4essential ń lo AA méjì. Kò sí àdúgbò kan ní Múṣin tí o kò ti ní rí wọn rà. Èyí tí wọ́n lẹ bátìrì mọ́ nínú lè dára, ṣùgbọ́n bó bá kú sí ọ lọ́wọ́ láàárín kíláàsì, ó parí nìyẹn. Máa fi tuntun sí àpò ọ̀tún, kí o máa ju èyí tó ti kú sí àpò òsì, kí ọwọ́ rẹ má ṣì í.

5. Mọ ohun tí mẹ́mọ́rì kádì lè gbà. Bí o bá fi irú fáìlì WAV gba ohùn bíi ti CD, wákàtí kan á jẹ ju MB 600 lọ. Bó bá jẹ́ MP3 tó jẹ́ kbps 128, kò ní pé 60. Kádì GB 32 á gba nǹkan bí wákàtí 50 ní WAV, ti MP3 á sì ju 500 lọ. MP3 tó fún ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n bí orin bá wà lọ́kàn rẹ, bíi ti Cobhams Asuquo, ọmọ Pacelli tó wà lára àwọn tó ṣe àwo àkọ́kọ́ tí Aṣa gbé jáde ní 2007, tàbí bó bá jẹ́ oríkì ilé yín lo fẹ́ gbà lẹ́nu ìyá àgbà, WAV ni kí o lò, nítorí ohun tí MP3 bá gé kúrò kò ṣeé dá padà. Ṣọ́ra fún ayédèrú pẹ̀lú. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Wọ́n lè kọ 64 sí ara kádì tí kò gbà ju 8 lọ, kí kọ̀ǹpútà pàápàá máa pè é ní 64, títí tí iṣẹ́ rẹ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí o gba ohùn sí i títí yóò fi kún, kí o sì gbọ́ ti ìparí rẹ̀, kí o tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

6. Jókòó síwájú. Kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá tó lè gba ẹni tó jókòó sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí jẹnẹrétọ̀ ń ké lábẹ́ rẹ̀, sílẹ̀.

7. Fóònù lè dípò ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, bí o bá tẹ bọ́tìnnì ohùn méjèèjì mọ́lẹ̀ pa pọ̀ díẹ̀, TalkBack, ohùn tó ń ka ojú fóònù jáde, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. VoiceOver ni ti iPhone. Fi íápíìsì sétí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohùn TalkBack á wọ inú ẹ̀kọ́ tí o ń gbà. Sì pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí ìpè má baà dá iṣẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n fóònù lojú olè ń wá ní Ojúẹlẹ́gba. Má kó gbogbo ẹ̀kọ́ ọdún kan sínú rẹ̀.

8. Fi ẹnu sọ fáìlì lórúkọ. Kí olùkọ́ tó ṣí ẹnu, sọ orúkọ ẹ̀kọ́ náà àti ọjọ́ sínú ẹ̀rọ. Bó bá di ìgbà ìdánwò, tí fáìlì bá ti pọ̀ lọ súà, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta àkọ́kọ́ á ti sọ ibi tí o wà fún ọ. Lálaalẹ́, fi wáyà kó wọn sórí kọ̀ǹpútà. NVDA, ètò tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà jáde, á máa ka orúkọ wọn fún ọ, ọ̀fẹ́ sì ni.

9. Gba àṣẹ. Sọ pé: "Ẹ káàárọ̀ sà. Mi ò ríran, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè kí n gba ẹ̀kọ́ yín sílẹ̀." Òfin wà lẹ́yìn rẹ: Èkó ṣe tirẹ̀ fún àwọn akanda ẹ̀dá ní 2011, ìjọba àpapọ̀ sì buwọ́ lu tirẹ̀ ní oṣù kìíní 2019. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Òfin wà fún ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ rere kò bá ṣiṣẹ́.

10. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Mú olójú tí o fọkàn tán dání lọ sọ́jà kó bá ọ wo ayédèrú, kó sì ka rìsíìtì, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó bá ọ yan ẹ̀rọ. Èyí tó dùn ún wò lójú tirẹ̀ lè má ṣeé lò ní ọwọ́ tìrẹ. Lẹ́yìn náà, fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko fi í kọ́ra nílé kí sáà ẹ̀kọ́ tó wọlé, títí tí ìka rẹ á fi mọ ọ̀nà láìronú. Bí ohunkóhun nínú èyí kò bá yé ọ, wá bá mi kí o tó náwó, má dúró dìgbà tí o bá ti ná an tán.