Ẹ̀KỌ́ ÌRÁNṢỌ NÍ ILÉ: BÉBÀ ÌGÉṢỌ ÀTI BÍ A TI Í LÒ Ó

Bí obìnrin bá ra aṣọ ní Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì, ọ̀nà méjì ni aṣọ náà sábà máa ń tọ̀. Bí kò bá lọ sí ọ̀dọ̀ télọ̀, inú àpótí ni yóò wọ̀, yóò sì wà níbẹ̀ títí owó télọ̀ yóò fi wà. Ọ̀nà kẹta wà, òun ni a sì fẹ́ là sílẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa ní oṣù yìí, pàápàá jùlọ ẹ̀yin ìyá ilé, àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtọ́jú ilé àti iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ọ̀nà náà ni pé kí ènìyàn jókòó ní ilé ara rẹ̀, kí ó gé aṣọ ara rẹ̀, kí ó sì rán an, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ bébà ìgéṣọ tí a ń tà, èyí tí àwọn aránṣọ ń pè ní pátáànì.

Àwọn télọ̀ wa kì í sábà lo bébà yìí. Ojú àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń gé aṣọ. Ọmọ iṣẹ́ yóò wà lẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀, yóò máa wo bí ọ̀gá ti ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ara aṣọ, títí di ọjọ́ tí yóò ṣe fúríídọ̀mù. Ọgbọ́n ńlá ni èyí, a kò sì kọ ìwé yìí láti bù ú kù. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ilé ìwé ní Ìyìn tàbí ní Ìgèdè, tí kò lè fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ sin ọ̀gá fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, kí ni yóò ṣe? Bébà ìgéṣọ ni ọ̀gá tí irú rẹ̀ lè gbà sínú ilé.

Aṣọ ilẹ̀ wa kò bèèrè bébà. Ẹni tí ń gé bùbá yóò ṣẹ́ aṣọ po sí mẹ́rin, yóò gé ọrùn, yóò gé ẹ̀gbẹ́ lọ tààrà, yóò sì fi apá kún un. Iwájú àti ẹ̀yìn bùbá jẹ́ ọ̀kan náà ní èjìká. Kò sí ojú ìrán níbẹ̀. Ní ti ìró, kò tilẹ̀ fẹ́ rí àlùmọ́gàjí sójú. Kò yà wá lẹ́nu pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí, nítorí àwọn ìyá wa tí ń hun kíjìpá lórí òfì ìdúró ní ilẹ̀ Èkìtì, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ ran òwú rẹ̀, mọ iye làálàá tí ó wà nínú ìbú ọwọ́ kan aṣọ. Ta ni yóò gé irú rẹ̀ dànù? Ṣùgbọ́n kàbà yàtọ̀. Kàbà a máa tẹ̀lé ara: ó ní ojú apá tí ó tẹ̀ kọrọdọ, ó ní apá tí orí rẹ̀ yọ bí òkè, ó sì ní dáàtì, èyíinì ni aṣọ tí a ṣẹ́ tí a sì rán kí ó lè fún ọmú ní ààyè. Ìlà títẹ̀ wọ̀nyí ni kò ṣe é fi ojú dá fún ẹni tí kò kọ́ ọ, àwọn ni bébà sì ń bá wa ṣe.

Ọkùnrin télọ̀ kan, Ebenezer Butterick, ní ìlú Sterling ní Massachusetts, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí ta bébà ìgéṣọ ní oríṣiríṣi ìwọ̀n ní ọdún 1863. Ṣáájú ìgbà náà, ìwọ̀n kan ṣoṣo ni bébà tí a ń tà sábà máa ń ní. Ẹni tí ó rà á ni yóò máa fẹ̀ ẹ́ tàbí kí ó máa dín in kù fúnra rẹ̀. McCall tẹ̀lé e ní 1870, Simplicity ní 1927, ìwé Burda sì bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì ní 1950. Bébà àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn kò ní ọ̀rọ̀ kan lára. Ihò ni a lu sí wọn láti fi hàn ibi tí a ó rán. Àwọn tí a ń lò lónìí ní ìlà, ọfà àti ọ̀rọ̀ púpọ̀, ìwé àlàyé sì ń bá wọn wá nínú àpòòwé.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí orí ohun tí ó ń ba aṣọ jẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ra bébà ní nọ́ńbà kàbà tí wọ́n ń rà ní ṣọ́ọ̀bù, wọn a sì gé aṣọ ní ọjọ́ náà gan-an. Nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù àti nọ́ńbà bébà kì í ṣe ọmọ ìyá. Ní bébà Amẹ́ríkà, nọ́ńbà 16 dúró fún àyà ínṣì 38, ìbàdí ínṣì 30 àti ìdí ínṣì 40. Nọ́ńbà 14 sì dúró fún 36, 28 àti 38. Ẹni tí ń wọ 12 tí a rán tà lè rí i pé 16 ni ara òun ń béèrè ní orí bébà. Kí ó má ṣe bínú. Kò sí ẹni tí yóò ka nọ́ńbà bébà ní ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀.

Nítorí náà, téèpù ni a kọ́kọ́ mú. Kí ẹlòmíràn bá wa wọ̀n ọ́n, nítorí ẹni tí ń wọn ara rẹ̀ a máa tẹ̀ síwájú. A ó wọn àyà níbi tí ọmú ti yọ jùlọ; a ó tún wọ̀n ọ́n lókè ọmú, lábẹ́ abíyá; a ó wọn ìbàdí níbi tí a ń so ìró mọ́; a ó wọn ìdí níbi tí ó ti yọ jùlọ; a ó sì wọ̀n láti egungun tí ó yọ ní ìsàlẹ̀ ọrùn ní ẹ̀yìn dé ìbàdí. Bí àyà bá fi ohun tí ó ju ínṣì 2 lọ ju òkè ọmú lọ, ìwọ̀n òkè ọmú ni kí a fi yan bébà, kí a sì fẹ ibi ọmú lẹ́yìn náà. Ó rọrùn láti fẹ ọmú ju láti tún èjìká àti ọrùn ṣe lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ìyá kan ní òkè ọmú ínṣì 36, àyà 38, ìbàdí 34, ìdí 42. Nọ́ńbà 16 bá àyà rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n ìbàdí bébà kéré sí tirẹ̀ ní ínṣì 4, ìdí sì kéré ní ínṣì 2. Kí ó má ṣe tìtorí èyí ra nọ́ńbà 20, nítorí ọrùn yóò ṣí sílẹ̀, èjìká yóò sì máa yọ̀ bọ́ sí apá. Ẹ̀gbẹ́ aṣọ ni yóò tún ṣe. Ojú ìrán méjì ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní etí iwájú àti etí ẹ̀yìn. Etí mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀. Pín ínṣì 4 sí mẹ́rin: ínṣì 1 ni yóò fi kún etí kọ̀ọ̀kan ní ìbàdí. Pín ínṣì 2 sí mẹ́rin: ààbọ̀ ínṣì ni ti ìdí. Láti abíyá, tí kò yí padà, yóò fa ìlà tí ó ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sí àmì ìbàdí, yóò sì gba ti ìdí dé ìṣẹ́tí. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá gùn tàbí kúrú ju ti bébà lọ, ìlà méjì tí ó fẹ̀gbẹ́ kẹ́gbẹ́ wà lókè ìbàdí fún iṣẹ́ yìí. Níbẹ̀ ni a ó gé bébà sí méjì láti fà á gùn, tàbí kí a ṣẹ́ ẹ po láti dín in kù. A kì í gé gígùn kúrò ní ìsàlẹ̀ nìkan, nítorí ibi tí ìbàdí aṣọ wà yóò ṣì jẹ́ ibi tí kò yẹ.

Ohun kan ṣì wà tí kì í hàn sí ojú. Kàbà tí ó bá ṣe déédéé pẹ̀lú ara kò ní jẹ́ kí a mí, bẹ́ẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí a na ọwọ́ gbé ọmọ pọ̀n. Nítorí náà ni bébà fi ní àlékún. Ní àyà kàbà lásán, ó lè jẹ́ ínṣì 2 sí 4. Kàbà tí a ṣe fún àyà 38 lè wọn 40 nígbà tí a bá rán an tán. Èyí ṣe pàtàkì fún àwọn tí ń ra bébà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde ní ojú ewé kéékèèké láti lẹ̀ pọ̀. Ojú ewé kan máa ń ní àpótí onígun mẹ́rin kékeré tí a kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n kí ẹ tó tẹ ìyókù. Bí àpótí tí ó yẹ kí ó jẹ́ sẹ̀ntímítà 10 bá jẹ́ 9.5, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti dín gbogbo rẹ̀ kù: kàbà ínṣì 40 yóò di 38, gbogbo àlékún yóò sì ti lọ. Ẹ sọ fún ẹni tí ń tẹ̀wé pé kí ó tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n 100 nínú 100.

Bákan náà, ẹ ka ìwé àlàyé kí ẹ lè mọ̀ bóyá ààyè ojú ìrán ti wà nínú bébà. Ní ti Simplicity, McCall àti Butterick, ó ti sábà wà níbẹ̀, ínṣì 5/8. Ní ti ìwé Burda, ẹni tí ń gé e ni yóò fi kún un. Ẹni tí kò bá bèèrè èyí yóò rán aṣọ ọmọ rẹ̀ fún ara rẹ̀.

Nígbà tí a bá ti tún bébà ṣe, kí a dà á kọ sí orí bébà líle. Bébà àpò sìmẹ́ǹtì tí a ti gbọ̀n mọ́ dára púpọ̀. Ìwé ìròyìn kò dára fún aṣọ funfun, nítorí tádàwà rẹ̀ a máa yí aṣọ. Lẹ́yìn èyí, kí a fi ṣíìtì ògbólógbòó gé kàbà ìdánwò, kí a fi ọwọ́ rán an ní ìrán jíjìnnà, kí a sì wọ̀ ọ́. Kí a jókòó. Kí a gbé ọwọ́ sókè. Àwọn kan yóò wí pé èyí jẹ́ iṣẹ́ méjì. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ṣíìtì gbígbó kì í ṣe aṣọ ẹbí tí a kò lè rí irú rẹ̀ rà mọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ìnáwó kù sí dẹ̀dẹ̀.

Nísinsìnyí, aṣọ kàn. Ẹ fọ ànkárá, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e, nítorí òwú a máa sún kì. Ẹ ṣẹ́ ẹ po ní òòró, kí ojú kọ ojú, kí etí bá etí mu. Báyìí ni a kò fi ní gé apá òsì méjì. Ọfà gígùn tí ó wà lára bébà gbọ́dọ̀ bá òòró aṣọ lọ. Ẹ fi téèpù wọn orí ọfà àti ìdí rẹ̀ sí etí aṣọ, kí méjèèjì jìnnà bákan náà. Bí ọfà bá wọ́, kàbà yóò máa yí mọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti fọ̀ ọ́ nígbà kan tàbí méjì. Bí àwòrán ànkárá bá jẹ́ ẹyẹ tàbí orí ènìyàn, gbogbo bébà ni a ó kọ orí rẹ̀ sí ìhà kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹyẹ iwájú yóò dúró, ti ẹ̀yìn yóò sì dorí kodò. Èyí a máa gba aṣọ púpọ̀ sí i, nítorí náà kí a tẹ́ gbogbo bébà sílẹ̀ lórí aṣọ kí àlùmọ́gàjí tó kàn án. Aṣọ òkè ní tirẹ̀ a máa tú bí a bá ti gé e. Kí a fi ẹ̀rọ rán ẹ̀gbẹ́ ìlà náà ní ẹ̀ẹ̀mejì kí a tó gé e.

Ní ti rírán, a kò ní sọ púpọ̀, nítorí ìwé àlàyé yóò tọ́ ni sọ́nà; ẹ̀rọ aláfẹsẹ̀tẹ̀ ìyá àgbà sì tó fún gbogbo rẹ̀. Kí a rán dáàtì ṣáájú, lẹ́yìn náà èjìká, apá, ẹ̀gbẹ́, kí ìṣẹ́tí sì kẹ́yìn. Kí a lọ ojú ìrán kọ̀ọ̀kan kí a tó rán òmíràn lé e; ibi yìí ni a fi ń mọ kàbà ilé yàtọ̀ sí kàbà aránṣọ.

Kí a kọ orúkọ ẹni tí ó ni bébà, ìwọ̀n ara rẹ̀, àti ọjọ́ tí a wọ̀n ọ́n sí ẹ̀yìn bébà náà, kí a ká a, kí a má ṣe ṣẹ́ ẹ, kí a sì gbé e sí ibi tí ọ̀rinrin kò lè dé. Ti àwọn ọmọ, kí a tún un wọ̀n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ilé ìwé kọ̀ọ̀kan.