Igi Tí Ó Fì Sí Ilé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó." Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀tá tàbí nípa ewu tí ń bọ̀ ni a sábà máa ń pa òwe yìí. Ní òní, ẹ jẹ́ kí a wo igi fúnra rẹ̀, pàápàá igi tí ó dúró nítòsí ilé tí ó sì fì sí i.

Olóore ènìyàn ni igi. Abẹ́ ọ̀dán ni àwọn bàbá wa ti ń ta ayò. Abẹ́ máńgòrò ni àwọn ìyá wa ti ń já ẹ̀fọ́ nígbà tí oòrùn bá mú. Nítorí náà, ẹni tí ó rí igi tí ó fì díẹ̀, tí ó sì sáré gbé àáké, kò mọ oore. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó rí i tí ó sì kọ etí ikún sí i, òun náà kò mọ ewu. Ìmọ̀ ni a fi í ya igi tí ó fì láìléwu sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó fẹ́ wó.

Kí ni ó ń mú igi fì? Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni gbogbo igi ń wá. Bí a bá gbin igi sí ẹ̀gbẹ́ ògiri gíga, tàbí sí abẹ́ igi tí ó jù ú lọ, apá ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà ni yóò dàgbà sí. Irú èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Láti kékeré igi náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ó sì ti ń fì ni ó ń gbára dì. Ara tuntun tí ó ń wú níhà òkè ìtì rẹ̀ a máa fà á padà bí okùn tí ó di àgọ́ mú, orí rẹ̀ a sì tún yí sí ojú ọ̀run, tó bẹ́ẹ̀ tí ìtì rẹ̀ yóò fi tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun. Irú igi bẹ́ẹ̀ lè fì fún ogójì ọdún láìwó.

Èyí tí ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù ni igi tí ó dúró ṣánṣán lánàá tí ó sì fì lónìí, tàbí èyí tí ó ti fì tẹ́lẹ̀ tí ó tún ń fì sí i. Àmì mẹ́rin ni kí a máa wò. Èkínní, igi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fì a máa fì tààrà láti ìdí dé orí bí òpó tí a tì, nítorí pé orí rẹ̀ kò tíì ráyè yí sí òkè. Èkejì, ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, níhà tí kò fì sí, a máa là tàbí kí ó wú sókè. Ẹ̀kẹta, gbòǹgbò níhà náà lè yọ síta tàbí kí ó já. Ẹ̀kẹrin, bí olú bá hù ní ìdí rẹ̀ tàbí lára ìtì rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí inú rẹ̀ ti máa jẹrà, bí ewé rẹ̀ tilẹ̀ tutù yọ̀yọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí igi ti ga tó lókè ni gbòǹgbò rẹ̀ jìn tó nísàlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Apá tí ó pọ̀ jù nínú gbòǹgbò ọ̀pọ̀lọpọ̀ igi kò jìn ju nǹkan bí mítà kan lọ. Ńṣe ni wọ́n tàn kálẹ̀, wọ́n a sì kọjá ibi tí òjìji ẹ̀ka rẹ̀ dé. Nítorí náà, nígbà tí a bá gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé tàbí gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ igi, tàbí tí àgbàrá bá wọ́ ilẹ̀ ìdí rẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ igi náà ni a gé. Bí òjò ńlá bá wá rọ ilẹ̀, tí ìjì sì dì mọ́ orí rẹ̀ tí ó kún fún ewé, kí ni yóò dì mú? Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìbẹ̀rẹ̀ àkókò òjò, láti nǹkan bí oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, ni irú ìjì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jà.

Kì í sì í ṣe igi kékeré nìkan ni ìjì ń wó. Ní Freetown, ní ilẹ̀ Sierra Leone, níbi tí Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí ní ọdún 1822 nígbà tí a gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, àràbà ńlá kan wà láàárín ìlú tí ó ga tó nǹkan bí mítà 70. Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjì òjò wó o lulẹ̀. Bí àràbà bá lè wó, kí ni a ó ti sọ ti máńgòrò tí a ti gé lẹ́sẹ̀?

Ní àdúgbò wa, bàbá àgbàlagbà kan ní máńgòrò kan tí ó ti fì sí ilé ìdáná rẹ̀ fún ohun tí ó ju ogún ọdún lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ igi náà, bàbá a ní, "Ọ̀rẹ́ mi ni. Kò ní pa mí lára." Òótọ́ ni ó sì ń sọ, nítorí igi náà ti gbára dì tipẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan, a gbẹ́ gọ́tà gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, a sì gé gbòǹgbò ńlá méjì. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ọmọbìnrin kan nínú agbo ilé náà tí ó ti ilé-ẹ̀kọ́ dé rí i pé ilẹ̀ ẹ̀yìn igi náà là tó ohun tí ìka ọwọ́ lè wọ̀. Ó wí fún àwọn àgbà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Igi yìí ti fì kí a tó bí ọ." Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kó àwọn ọmọ tí ń sùn ní ilé ìdáná kúrò níbẹ̀. Ní òru ọjọ́ kẹta, ìjì dé, máńgòrò náà sì wó, ó fọ́ ilé ìdáná pẹ̀lú páànù rẹ̀ túútúú. Kò pa ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá dúró ti ìtì igi náà fún ìgbà pípẹ́, kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣa kóró máńgòrò kan, ó pe ọmọbìnrin náà, ó ní, "Ọmọ mi, fi ibi tí a ó gbin èyí sí hàn mí."

Kí ni kí àwa náà máa ṣe? Ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí ìjì tó dé, kí a yẹ ìdí gbogbo igi tí ó wà nítòsí ilé wò. Bí igi kan bá fì, ẹ so òkúta mọ́ okùn, kí ẹ fi kọ́ ibi kan lára ìtì rẹ̀, kí ẹ sì wọn àyè tí ó wà láàárín òkúta àti ìdí igi. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ẹ bá tún un wọ̀n láti ojú ibi kan náà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tí àyè náà sì ti pọ̀ sí i, igi náà ń lọ sílẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn òbí yín, kí wọ́n pe agégi tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé àdá tì í fúnra yín, nítorí igi tí ó fì lè là sí méjì lójijì lójú àáké, kí ó sì pa ẹni tí ń gé e. Bí ó bá wà nítòsí wáyà iná, àwọn òṣìṣẹ́ iná ni kí a ké sí. Bí ó bá sì ti wó lu wáyà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe súnmọ́ ọn.

Igi tí ó ti fì tipẹ́ kò burú. Ohun tí a ṣe sí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí a máa bèèrè. Ẹni tí ó ń wo orí igi nìkan kò tíì wo igi.

Ìbéèrè

1. Báwo ni igi tí ó ti fì tipẹ́ ṣe ń gbára dì?
2. Dárúkọ àmì mẹ́rin tí ó yẹ kí a máa wò.
3. Kí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ bàbá nípa máńgòrò rẹ̀ má ṣe jẹ́ òótọ́ mọ́?
4. Èéṣe tí bàbá fi ní kí ọmọbìnrin náà fi ibi tí a ó gbin kóró sí hàn òun?
5. Kọ àròkọ lórí igi kan tí ó wà ní agbo ilé yín: oore rẹ̀, ewu rẹ̀, àti ohun tí o rí ní ìdí rẹ̀.