Ẹ Má Tètè Pa Á Rẹ́
Ẹ̀yin ọmọ mi ní Banikanni, bí VirtualBox bá kọ̀ láti ṣí lẹ́yìn tí ẹ gbé e láti 6.1 sí 7.0, ẹ fara balẹ̀. Kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà tí ẹ ń fi VirtualBox lò ò tíì kú, inú fáìlì .vdi ni iṣẹ́ yín wà. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo fódà rẹ̀ sórí dísìkì mìíràn. Ẹ wo Extension Pack, àfikún VirtualBox: nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti VirtualBox mu. Lórí Linux, ẹ fi sudo pe /sbin/vboxconfig.

Ohun tó ń dùn mí jù ni àwọn tó kàn dá kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà náà dúró sójú iṣẹ́, tí wọn ò pa á, kí wọ́n tó gbé ẹ̀dà tuntun VirtualBox wọlé. Ibẹ̀ ni wàhálà ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa pa á pátápátá ná.