Ìtọ́jú Iṣẹ́ Ọ̀fẹ́ Nígbà tí Àkókò Olùtọ́jú Kò Tó

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn irinṣẹ́ tí ń bẹ nínú kọ̀ǹpútà ni ẹnikẹ́ni kò san owó fún. Àwọn kan ni ó jókòó kọ wọ́n, tí wọ́n sì ṣí àkọsílẹ̀ wọn sílẹ̀ ní gbangba, kí gbogbo ayé lè kà á, kí wọ́n lè lò ó, kí ẹni tí ó bá sì ní ìmọ̀ lè tún un ṣe. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní open source. Iṣẹ́ àkọsílẹ̀-gbangba ni àwa yóò máa pè é nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ohun tí a fẹ́ kí àwọn olùkọ́ wa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa bá wa yẹ̀ wò ni ohun tí ń mú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pẹ́ láyé, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ ní iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ mìíràn, tí ó sì jẹ́ pé wákàtí díẹ̀ ní alẹ́ tàbí ní òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n rí fún un.

Àwọn ènìyàn a máa fi iṣẹ́ yìí wé àáró tí àwọn bàbá wa ń ṣe. Àfiwé náà dára, ṣùgbọ́n kò pé. Nínú àáró, bí a bá bá Òjò roko lónìí, Òjò yóò wá bá wa ro tiwa ní ọ̀la, ojú a sì máa ti ẹni tí ó bá jẹ gbèsè àáró. Níhìn-ín, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó ń kórè lóko ẹnìkan, wọn kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ni ó sún mọ́ ọn jù, ṣùgbọ́n bí a bá bẹ ọ̀wẹ̀, àwọn tí a bẹ̀ a ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó jẹun. Nínú èyí, olóko ni ó ń roko, òun náà ni ó ń se oúnjẹ, àwọn àlejò sì ń ráhùn pé ọbẹ̀ kò dùn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo OpenSSL, irinṣẹ́ tí ń pa ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà méjì ń bá ara wọn sọ mọ́, kí olè má baà gbọ́ ọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, a kéde pé àbùkù ńlá kan, tí wọ́n sọ ní Heartbleed, wà nínú rẹ̀, ó sì ti wà níbẹ̀ láti inú ẹ̀dà tí ó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2012. Ẹnìkan ni ó kọ ọ́, ẹlòmíràn yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn méjèèjì kò sì rí i. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ẹnìkan ṣoṣo ni ó ń fi gbogbo àkókò rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà, àti pé nǹkan bí 2,000 dọ́là ni ọrẹ tí ń wọlé fún wọn lọ́dún, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó lówó jù lọ láyé ń lò ó. Ní oṣù kan náà, Linux Foundation kó àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá jọ láti dá owó. Èyí dára púpọ̀. Àwọn kan sì wí pé owó nìkan ni ó kù, ọ̀ràn ti tán. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀, ọ̀ràn XZ Utils ni ó sì mú wa kọ̀.

XZ Utils jẹ́ irinṣẹ́ kékeré kan tí ń fún fáìlì pọ̀ kí ó má baà gba àyè púpọ̀. Ó wà nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí ń lo Linux káàkiri ayé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Lasse Collin, ará Finland, ni ó ń tọ́jú rẹ̀. Ní apá ìparí ọdún 2021, ẹnìkan tí ń pe ara rẹ̀ ní Jia Tan bẹ̀rẹ̀ sí fi àtúnṣe kéékèèké ránṣẹ́, àtúnṣe tí ó dára. Ní ọdún 2022, àwọn orúkọ àjèjì mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí kọ lẹ́tà ní gbangba: èéṣe tí iṣẹ́ fi ń falẹ̀ tó báyìí? Èéṣe tí kò fi gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́? Collin fi ìrẹ̀lẹ̀ dá wọn lóhùn pé òun kò tíì pa á tì, agbára òun ni ó dín kù, àti pé kí wọ́n rántí pé iṣẹ́ tí òun ń ṣe fún ìfẹ́ ni, a kò san owó rẹ̀. Lẹ́yìn èyí Jia Tan di olùtọ́jú pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2023, ó ti ń gbé ẹ̀dà jáde fúnra rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ẹ̀dà 5.6.0 jáde, 5.6.1 sì tẹ̀lé e ní oṣù kẹta. Ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ kan wà nínú wọn, tí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè gbà wọ inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láti òkèèrè, kí ó sì máa pàṣẹ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó wádìí ọ̀ràn náà gbà pé àwọn tí ń kọ lẹ́tà ìráhùn àti ẹni tí ń ṣe ìrànlọ́wọ́, ìmọ̀ kan náà ni wọ́n jọ pa.

Andres Freund, òṣìṣẹ́ Microsoft, ni ó tú àṣírí náà. Ó ṣàkíyèsí pé wíwọlé sí kọ̀ǹpútà kan tí òun ń dán wò ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ní nǹkan bí ìlàjì ìṣẹ́jú-àáyá péré. Ẹlòmíràn ìbá gbójú fò ó. Freund tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí ó fi dé ìdí rẹ̀, ó sì kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2024. Ẹ̀dà náà ti dé inú àwọn ẹ̀dà ìdánwò Debian àti Fedora, ṣùgbọ́n kò tíì dé inú èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò.

Àwọn kan dá Collin lẹ́bi. Àwa kò rí ẹ̀bi rẹ̀. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń gba irú rẹ̀ níyànjú láti ṣe ni ó ṣe: ó wá olùrànlọ́wọ́. Ibi tí ewu wà ni pé ẹni tí ó ti rẹ̀ kì í ráyè ṣàṣàyàn. Ọwọ́ tí a bá kọ́kọ́ nà sí i ni yóò dì mú. Ẹni tí ó sì ń fi ìráhùn lé olùtọ́jú níré, bí kò tilẹ̀ ní ète búburú, ó ń bá ẹni tí ó ní i tún ọ̀nà ṣe.

Nítorí náà a rò pé ohun tí ó wọ́n jù nínú iṣẹ́ yìí ni àfiyèsí olùtọ́jú. Àwa tí a ti lọ kọ́ni fún ìdánrawò mọ ohun tí à ń wí. Ọmọdé kan a kọ àròkọ rẹ̀ ní ogún ìṣẹ́jú, a sì sáré jáde lọ ṣeré; ogójì irú rẹ̀ ni ó kù sórí tábìlì olùkọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àtúnṣe rí. Ẹni tí ó kọ ọ́ lè ti lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tí ó gbà á wọlé ni yóò máa gbé e kiri fún ọdún mẹ́wàá. Daniel Stenberg, ará Sweden, tí ó ti ń tọ́jú curl láti ọdún 1998, fi ẹjọ́ sùn ní gbangba ní ọdún 2025 pé àwọn ènìyàn ń fi ẹ̀rọ AI kọ ìròyìn àbùkù èké ránṣẹ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó láti kọ irú rẹ̀. Ẹni tí yóò fi hàn pé èké ni a máa fi wákàtí jóná.

Olùtọ́jú tí àkókò rẹ̀ kò tó ní láti kọ́ bí a ti ń sọ pé rárá, kí ó sì sọ ọ́ kíákíá, nítorí ìdákẹ́jẹ́ ni ó ń bí ìráhùn. Kí ó kọ ọ́ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ bí òun ti ń ráyè tó, ìbá ṣe ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Kí ó jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa dán àtúnṣe wò kí ojú ènìyàn tó kàn án. Ní ti ìgbẹ́kẹ̀lé, kí ó máa fi í fúnni díẹ̀díẹ̀: ẹni tí a lè jẹ́ kí ó máa tò ìròyìn àbùkù lẹ́sẹẹsẹ, a kò tíì gbọdọ̀ fi àṣẹ láti gbé ẹ̀dà jáde lé e lọ́wọ́. Ìwọ̀nyí kò lè dí ọ̀nà mọ́ ẹni tí ó bá ní sùúrù ọdún méjì bí ti Jia Tan, ṣùgbọ́n wọn yóò dín àárẹ̀ tí irú wọn ń lò kù.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ran irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ nínú wa, kí ó má ṣe fi kóòdù tuntun bẹ̀rẹ̀. Kí ó mú ìròyìn àbùkù kan tí ẹlòmíràn ti kọ, kí ó dán an wò lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kí ó sì kọ ẹ̀dà tí ó lò, ìgbésẹ̀ tí ó gbé, àti ohun tí ojú rẹ̀ rí. Bí àbùkù náà kò bá sí mọ́, kí ó wí bẹ́ẹ̀, kí olùtọ́jú lè pa ìròyìn náà dé. Ó lè gba òun ní odidi ìrọ̀lẹ́ kan. Olùtọ́jú kì yóò lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láti kà á.