Ojú-Ìpàdé, Ojú-Ìyọ́pọ̀ àti Ojú-Ìlẹ̀pọ̀ Nínú Ike Oní-Fọ́nrán

Bí atúmọ̀ èdè bá fẹ́ dárúkọ ibi tí apá méjì ohun èlò ti so pọ̀, 'oríkèé' ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ṣùgbọ́n oríkèé a máa ká, a sì máa nà. Ibi tí à ń wí kì í mira. Nínú ike tí a po fọ́nrán gíláàsì mọ́, irú ibi bẹ́ẹ̀ tó mẹ́ta, agbára wọn kò sì dọ́gba.

Fọ́nrán náà tín-ín-rín gan-an: ìnípọn rẹ̀ tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà. Bí gíláàsì bá kó 30 nínú 100 ìwúwo náílọ́ọ̀nù gbígbẹ, agbára rẹ̀ láti kọ fífà a máa ju ìlọ́po méjì ti náílọ́ọ̀nù lásán lọ, bí fọ́nrán bá dùbúlẹ̀ sí ìhà tí a ń fà á sí.

Wàyí o, bí ike yíyọ́ bá ń ṣàn nínú mọ́ọ̀dù, tí ó sì kan irin tí a fi sí i kí ihò bóòtù lè wà níbẹ̀, yóò pín sí méjì, yóò yí irin náà ká, yóò sì tún pàdé lẹ́yìn rẹ̀. Iwájú ìṣàn méjèèjì a máa fẹ̀ bí wọ́n ti ń bọ̀, fọ́nrán inú wọn a sì dùbúlẹ̀ ní ìbú, bí pàǹtí ṣe ń to ara rẹ̀ sí ìlà ibi tí odò méjì ti pàdé. Ike á lẹ̀ mọ́ ike, ṣùgbọ́n fọ́nrán tí ó ré ìlà náà kọjá kò tó nǹkan. Agbára ibẹ̀ lè dín sí ìdajì ti ibi tí ó kù, tàbí kí ó kéré jù bẹ́ẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ méjì fún ìlà yìí: ọ̀kan láti inú iṣẹ́ jórinjórin, èkejì láti inú aṣọ híhun. Kò yẹ kí á tẹ̀lé èyíkéyìí. Jórinjórin mọ̀ọ́mọ̀ ń so irin pọ̀ ni. Ìlà yìí, kò sí ẹni tí ó fẹ́ ẹ. Ojú-rírán aṣọ pẹ̀lú ní òwú tí ó ti apá kan bọ́ sí èkejì, èyí tí ìlà yìí ṣe aláìní gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ 'ojú-rírán' lè rò pé ibẹ̀ ni ó yi jù. A dábàá 'ojú-ìpàdé'.

'Ojú-ìyọ́pọ̀' ni ibi tí a ti yọ́ etí méjì kí wọ́n lè di ọ̀kan, bí ìgbà tí a bá ń fi etí kan gbo èkejì kíákíá títí wọn yóò fi yọ́. Níbẹ̀ pẹ̀lú, fífi kún gíláàsì kì í sábà mú kí agbára ju ti ike lásán lọ. 'Ojú-ìlẹ̀pọ̀' ni ti àtè; ìṣirò tí Volkersen gbé jáde ní 1938 fi hàn pé ìkángun rẹ̀ méjèèjì ni ipá ń pọ̀ sí jù.

Ọ̀pá tí ike gba ẹnu kan ṣoṣo wọ mọ́ọ̀dù rẹ̀, tí kò sì ní ojú-ìpàdé, ni a sábà fi ń mú ìwọ̀n agbára tí a ń tẹ̀ sínú ìwé. Kí olùkọ́ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ wá ojú-ìpàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kí ó tó gba ìwọ̀n náà gbọ́. Mímú kí mọ́ọ̀dù gbóná sí i a máa ran ike lọ́wọ́ láti lẹ̀, ṣùgbọ́n ipa rẹ̀ lórí ìdùbúlẹ̀ fọ́nrán kò tó nǹkan. Ó sàn kí á gbé ẹnu ìwọlé ike sí ibòmíràn, kí ìlà náà lè bọ́ sí ibi tí ipá kò ti pọ̀, tàbí kí á lu ihò náà lẹ́yìn tí ike bá ti le.