Kí Ló Dé Tí Ọkọ̀ Òkun Fi Kọ́kọ́ Yà sí Ìwọ̀ Oòrùn?

Ẹ mú máàpù yín jáde ká jọ wò ó. Èkó wà ní bíi dígírì 3 sí ìlà oòrùn. Liverpool ní England wà ní dígírì 3 sí ìwọ̀ oòrùn. Dígírì 6 péré ló wà láàrin àwọn méjèèjì, ìyẹn ni pé béèyàn bá ń lọ sókè tààrà láti Èkó, kò ní jìnnà sí Liverpool. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà wa máa ń sọ pé nígbà tí àwọn wọ ọkọ̀ òkun lọ kàwé ní 1963, ìwọ̀ oòrùn ni ọkọ̀ kọjú sí fún ọjọ́ púpọ̀. Mo rò pé ọjọ́ ti pẹ́, bàbá ti gbàgbé ni. Mo lọ bá wọn nílé.

Bàbá kàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé inú Sàhárà lo fẹ́ kí ọkọ̀ òkun gbà kọjá ni?"

Ojú tì mí, ká má parọ́. Ẹ tún máàpù wò: ilẹ̀ Áfíríkà yọ ikùn sí apá ìwọ̀ oòrùn títí dé Dakar, tó wà ní dígírì 17. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ yí ikùn yẹn po kó tó lè kọjú sí àríwá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà náà fi lé ní 4,000 máìlì òkun. Aureol ni orúkọ ọkọ̀ tí bàbá wọ̀, ti ilé iṣẹ́ Elder Dempster; 1951 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Máìlì òkun 16 ló ń rìn ní wákàtí kan, èyí tó jẹ́ 384 lóòjọ́. Ẹ fi pín 4,000, ẹ ó rí i pé ó lé ní ọjọ́ mẹ́wàá. Tẹ́ ẹ bá fi àwọn èbúté tó ti ń dúró kún un, ọjọ́ 13 ló ń gbà.

Òkukù níbí ni wọ́n ti wọ rélùwéè. Wọ́n gba Ìkìrun, Òṣogbo, Ẹdẹ, Ìwó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta dé Ìddó, kí wọ́n tó lọ sí Apapa. Oko kòkó ni bàbá tó bí wọn fi dógò kí owó ọkọ̀ tó pé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ oko yìí sọ́kàn.

Nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà nínú ọ̀sà, ara wọn dá ṣáká. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ kọjá àwọn ògiri òkúta gígùn tí wọ́n mọ síbi tí ọ̀sà ti pàdé òkun. (Kí wọ́n tó mọ ògiri yìí, iyanrìn ló dí ẹnu ọ̀nà, ọkọ̀ ńlá ò lè wọlé. Ọkọ̀ kékeré ló ń gbé èrò lọ pàdé rẹ̀ lójú òkun, wọ́n á sì kó èèyàn sínú àpótí onígi, wọ́n á fi okùn fà á sókè bí ẹrù! Ọdún 1914 ni ọkọ̀ ńlá tó ń kó lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Èkó.) Bí wọ́n ṣe jáde sójú òkun gan-an ni ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀. Bàbá bì títí tó fi ku omi kíkorò nìkan. Wọ́n dùbúlẹ̀ sínú yàrá, wọ́n dijú, ó tún wá burú sí i.

Mo bi olùkọ́ báyọ́lọ́jì wa léèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní inú etí wa lọ́hùn-ún ni àwọn ihò róbótó kan wà tí omi wà nínú wọn. Omi yìí ló ń sọ fún ọpọlọ pé ara ti tẹ̀ tàbí pé ó ń yí. Nínú yàrá ọkọ̀, ògiri àti ìwọ jọ ń fì ni, nítorí náà ojú á ní, "A dúró sójú kan." Etí á ní, "Irọ́ ni, à ń mì." Ọpọlọ ò mọ ẹni tí ì bá gbà gbọ́, ikùn ló wá ń jìyà rẹ̀. Ẹni tó bá ka ìwé nínú mọ́tò láti ibí dé Òṣogbo rí mọ ohun tí mò ń wí.

Ọjọ́ kejì, ọkọ̀ dé Takoradi ní Gánà. Wọ́n kéde pé kí kálukú dá aago rẹ̀ padà ní wákàtí kan. Èmi ṣírò tèmi. Ayé ń yí dígírì 15 ní wákàtí kan, ìyẹn ìṣẹ́jú 4 fún dígírì kan. Láti Èkó dé Takoradi ò ju bíi dígírì 5 lọ, nítorí náà ìṣẹ́jú 20 ló yẹ kí wọ́n yọ. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ 60? Ìjọba ló ń yan aago fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Dígírì 15 ní ìlà oòrùn ni tiwa ń tẹ̀ lé, ó sì kọjá Maiduguri pàápàá; ti Greenwich ni Gánà ń lò.

Bàbá ò rí ti aago rò. Àpótí aṣọ wọn ni wọ́n ń dì. Wọ́n fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n wọ lọ́rì gba Accra, Lomé àti Cotonou padà sílé. Ìyá nọ́ọ̀sì kan tó ń padà sẹ́nu iṣẹ́ ní England rí wọn.

"Ọmọ mi, ta ló san owó ọkọ̀ ẹ?"

"Bàbá mi ni, mà. Oko ni wọ́n fi dógò."

"Bó o bá sọ̀ níbí, ta ló máa gba oko náà padà?"

Bàbá ní àwọn ò rí èsì fọ̀. Ìyá yẹn mú wọn gòkè ọkọ̀, ó ní kí wọ́n tẹjú mọ́ ibi tí ojú ọ̀run ti kan òkun, kí wọ́n má wo ilẹ̀. Ó fún wọn ní gààrí gbígbẹ díẹ̀. Nígbà tí ojú rí ohun kan tí kò mì, ojú àti etí bẹ̀rẹ̀ sí í fohùn ṣọ̀kan. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, gààrí náà dúró síkùn.

Ní Freetown, ìyá náà fi òkè kan hàn wọ́n: Mount Aureol, òun ni wọ́n sọ ọkọ̀ náà lórúkọ rẹ̀. Orí òkè yẹn ni Fourah Bay College wà, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1827. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Ọkọ̀ òkun ló gbé òun náà dé Freetown ní 1822, àmọ́ ọkọ̀ ẹrú ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Bàbá ní àwọn wo òkè yẹn pẹ́.

Freetown ni wọ́n ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sílé. Ọmọ ilé ìwé kan ló kà á sétí bàbá wọn, tí kò mọ̀wé. Lẹ́tà náà ṣì wà nínú àpótí ní yàrá bàbá àgbà, mo fọwọ́ mi kàn án. Gbólóhùn méjì ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀: "Mo ti ń jẹun. Ẹ sọ fún ẹni tó gba oko pé mò ń bọ̀ wá gbà á."