Ẹ̀kọ́ Ọmọ Adití àti Ètò Tí Ẹbí Rẹ̀ Ní Láti Ṣe

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti ìwẹ̀ tàbí ti ìrun, síbẹ̀ kò sí ẹni nínú wa tí ó lè sọ pé kò kan òun. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara ni, pàápàá àwọn ọmọ adití, àti bí ẹbí wọn ṣe lè ṣètò ẹ̀kọ́ fún wọn ní ìlú bí Ìlá Ọ̀ràngún, tí ó wà lẹ́bàá ààlà Kwara àti Èkìtì, tí àwọn ilé-ìwòsàn ńláńlá sì jìnnà sí i.

Ìdí tí a fi mú ti adití ni pé òun ni ojú kì í tètè rí. Ọmọ tí kò lè rìn, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ọmọ tí kò ríran, ìyá rẹ̀ yóò fura kí oṣù mélòó kan tó kọjá. Ṣùgbọ́n adití ń rẹ́rìn-ín, ó ń jẹun, ó ń sáré bọ́ọ̀lù, títí di ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ tí òun kò sọ.

Bí ó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìyá ọmọ yóò ní, "Ìyá, mo pe ọmọ yìí títí, kò wẹ̀yìn." Ìyá àgbà yóò dáhùn pé, "Fi í sílẹ̀ jàre. Bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó fọhùn." Ọdún kan á lọ. Wọ́n á gbé e lọ gba hantú lọ́dọ̀ àáfáà, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, owó á máa lọ, kò sì ní í sí ẹni tí yóò sọ pé kí wọ́n lọ yẹ etí rẹ̀ wò. Láàrin ìgbà náà, wọ́n á máa nà án pé aláìgbọràn ni. Nígbà tí ó bá pé ọmọ ọdún méje, wọ́n á mú un lọ sí ilé-ìwé, yóò jókòó sẹ́yìn kíláàsì fún táàmù kan tàbí méjì, olùkọ́ kò mọ ohun tí yóò ṣe fún un, wọ́n á sì mú un kúrò. Ó di oko, tàbí bí ó bá jẹ́ obìnrin, ó di ọmọ tí ń ru ọjà tẹ̀lé ìyá rẹ̀.

Ohun tí ó burú jù níbẹ̀ kọjá ìwé tí kò mọ̀. Ọmọ náà lè dàgbà di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìní èdè kankan. Kò lè sọ ibi tí ó ń dùn ún fún dókítà. Bí ènìyàn burúkú bá fọwọ́ kan ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kò ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, àwọn ènìyàn burúkú sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ ni ọpọlọ ọmọ fi ń gba èdè wọlé jù lọ. Kò bèèrè bóyá etí ni èdè gbà wọlé tàbí ojú, ṣùgbọ́n èdè gbọ́dọ̀ wọlé. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ètò ẹ̀kọ́ adití kì í bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé, inú ilé ni, nígbà tí ọmọ ṣì wà ní ìkókó.

Ìgbà wo ni ó yẹ kí á fura?

Ọmọ oṣù mẹ́fà yẹ kí ó máa yíjú sí ibi tí ariwo ti ń bọ̀. Ọmọ ọdún kan yẹ kí ó ti máa pe ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, kí ó sì mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó bá pé ọdún méjì, ó yẹ kí ó ti máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀ níbi tí kò ti lè rí yín, kí ẹ pè é, kí ẹ sì pàtẹ́wọ́. Ẹ má gbá ilẹ̀ o, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò gbọ́ ohun tí etí rẹ̀ kò gbọ́, ẹ̀yin á sì rò pé ó gbọ́. Bí kò bá dáhùn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má dúró de ọdún tó ń bọ̀.

Àwọn kan ni a bí bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹ̀bi fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ ni àìsàn ń fà: yírùnyírùn, ṣẹgede, àìsàn etí tí ń ṣọyún tí a kò tọ́jú, abẹ́rẹ́ jẹntamáísìn tí a gún láìsí àṣẹ dókítà, àti ibà pọ́njú tí í mú ìkókó lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Lórí ti ibà pọ́njú yìí a fẹ́ dúró díẹ̀. Láàrin àwa Yorùbá, bí ọmọkùnrin kan nínú márùn-ún ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD tó bí ó ṣe yẹ. Bí a bá kó káńfọ̀ sínú aṣọ irú ìkókó bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa tú, ojú rẹ̀ á pọ́n, pípọ́n náà sì lè wọ inú ọpọlọ lọ ba etí àti ọwọ́ òun ẹsẹ̀ jẹ́. Oòrùn àárọ̀ àti omi glúkóòsì kì í wo èyí. Ilé-ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìgbéyàwó, ẹ má fi káńfọ̀ sínú àpótí aṣọ ọmọ.

Níbo ni a ó gbé e lọ? Ilé-ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí Wesley Guild ti Iléṣà jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, tàbí ti Yunifásítì Ìlọrin, tàbí UCH Ìbàdàn. Ẹ bèèrè dókítà etí, imú àti ọ̀fun, kí ẹ sì sọ pé àyẹ̀wò ìgbọ́ràn ni ẹ wá ṣe. Ní Èkó, Dókítà Bọ́lájókòó Olúsànyà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn pé a lè yẹ etí àwọn ìkókó wò níbi tí ìyá wọn ti gbé wọn wá gba abẹ́rẹ́ BCG, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún san owó ọkọ̀ mìíràn. Ìjọba àpapọ̀ dá Yunifásítì Ìmọ̀ Ìlera sílẹ̀ ní Ìlá ní 2021. Ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ó bá ń kàwé níbẹ̀, irú iṣẹ́ yìí ni ó yẹ kí ó gbé síwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀.

Ilé-ìwé àti èdè ọwọ́

Ẹni tí ó kọ́kọ́ tan ẹ̀kọ́ adití ká púpọ̀ nínú ilẹ̀ Áfíríkà, adití ni òun náà. Andrew Foster ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí yírùnyírùn gba etí rẹ̀ nígbà tí ó wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Ní 1954 ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gboyè ní kọ́lẹ́jì Gallaudet. Ní 1957 ó dá ilé-ìwé adití sílẹ̀ ní Ghana, ní 1960 ó dá ti Ìbàdàn sílẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ náà lọ títí ọkọ̀ òfuurufú fi já pẹ̀lú rẹ̀ ní Rwanda ní 1987. Èdè ọwọ́ tí ó kó wá láti Amẹ́ríkà ni ìpìlẹ̀ èyí tí wọ́n ń lò ní púpọ̀ nínú ilé-ìwé adití wa títí di òní. Oníwàásù Kristẹni ni. A kò sọ èyí láti bínú sí i. A sọ ọ́ kí á lè bi ara wa léèrè iye ilé-kéwú wa tí ọmọ adití lè wọ̀ lọ́la tí yóò sì rí ẹni bá a sọ̀rọ̀.

Ìjọba náà kò ṣàìṣe nǹkan. Ní 1977 ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni àkànṣe sílẹ̀, èyí tí ó wà ní Ọ̀yọ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ adití àti afọ́jú ti jáde. Fún àwa Ìgbómìnà, ilé-ìwé àkànṣe ti Kwara wà ní Ìlọrin. Àwọn ti Ọ̀ṣun wà lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìlá sì ni a ó ti kọ́kọ́ bèèrè wọn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í sábà sọ nípa ilé-ìwé tí ọmọ ń gbé. Ó dára, ibẹ̀ ni ọmọ ti ń rí àwọn tí wọ́n jọ ń sọ èdè kan náà. Ṣùgbọ́n bí ìsinmi bá dé, yóò padà sí ilé kan tí kò sí ẹni tí ó lè bi í pé báwo ni. Àlejò ni yóò jẹ́ ní ilé bàbá rẹ̀. Nítorí náà gbogbo ẹbí ni yóò kọ́ èdè ọwọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni yóò sì rọrùn fún jù. Lẹ́tà 26 tí a ń fi ìka ṣe, ẹ lè mọ̀ ọ́n láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ tún fi àmì orúkọ gbogbo ará ilé kún un, oúnjẹ, omi, ìrora, ìbẹ̀rù, ọ̀la, àná. Ẹ fi ti ìrora àti ìbẹ̀rù ṣáájú.

Òfin àti ìwé ètò

Òfin ẹ̀kọ́ UBE ti 2004 fi dandan lé e pé kí gbogbo ọmọ lọ sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìpele àkọ́kọ́ girama, kò sì yọ aláàbọ̀ ara sílẹ̀. Òfin tí ó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ aláàbọ̀ ara, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019, sọ pé ẹ̀kọ́ wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ títí dé ìparí girama. Ó tún sọ pé kí ilé-ìwé ìjọba ní ó kéré tán òṣìṣẹ́ kan tí a kọ́ ní ìtọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní ti JAMB, láti 2017 ni ìgbìmọ̀ kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola jẹ́ alága rẹ̀ ti ń ṣètò ìdánwò fún àwọn afọ́jú. Òfin orí ìwé kì í rìn fúnra rẹ̀ o. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ìwé, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà tiyín pẹ̀lú déètì. Ẹni tí ó lọ fẹnu bèèrè, ẹnu náà ni wọ́n fi ń dá a lóhùn.

Láti 1975 ni òfin Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé kí ilé-ìwé àti òbí jọ jókòó kọ ìwé ètò fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Àwọn ará wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ irú rẹ̀ dáadáa. Ẹbí ní Ìlá lè ṣe é nínú ìwé ogójì ojú-ewé. Ẹ kọ ohun tí ọmọ lè ṣe báyìí, kì í ṣe ohun tí kò lè ṣe nìkan. Ẹ kọ ohun méjì tàbí mẹ́ta tí yóò mọ̀ kí táàmù tó parí, bí àpẹẹrẹ, kí ó lè kọ orúkọ rẹ̀, kí ó mọ owó ṣẹ́ńjì. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò kọ́ ọ àti ọjọ́ tí ẹ ó tún padà wò ó. Kí orúkọ bàbá wà níbẹ̀ o, nítorí ìyá nìkan ni a sábà ń fi sílẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ yìí.

Kí á má ṣe gbàgbé ilé-kéwú. Abdullah ọmọ Ummu Maktum, afọ́jú ni, nítorí rẹ̀ ni Súrà Abasa fi sọ̀kalẹ̀. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi í ṣe apèrun pẹ̀lú Bilal, ìpè tirẹ̀ sì ni àwọn ará Mẹ̀dínà fi ń mọ̀ pé àkókò sààrì ti parí. Ó tún fi í ṣe adelé ní Mẹ̀dínà nígbà tí ó bá rin ìrìn-àjò. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, wọn kò fi í síbi kan kí wọ́n máa ṣàánú rẹ̀. Ọmọ adití lè kọ́ ìrun nípa wíwò, ó sì lè ka Kùránì pẹ̀lú ojú. Ohun tí ahọ́n rẹ̀ kò lè pè, a kò ní bi í.

Ó ku ọ̀rọ̀ ogún, ibi tí ọ̀pọ̀ òbí kì í fẹ́ dé. Adití ní ìpín tirẹ̀ pé pérépéré gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ yòókù. Ẹni tí ó bá ní òun kì í ṣe alárogún nítorí etí rẹ̀, irọ́ ni ó ń pa. Ọmọ tí làákàyè rẹ̀ kò pé nìkan ni a ń yan alágbàtọ́ fún lórí owó rẹ̀, adití tí ó gbọ́n kò sí nínú wọn. Bàbá tí ó fẹ́ fi nǹkan kún ti ọmọ rẹ̀ kò lè fi àsọtẹ́lẹ̀ ikú ṣe é bí àwọn alájogún yòókù kò bá gbà. Ó lè fún un ní ẹ̀bùn nígbà ayé rẹ̀ nítorí àìní rẹ̀, ilẹ̀ tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ, ṣùgbọ́n kí ó fà á lé ọmọ tàbí alágbàtọ́ lọ́wọ́ tán pátápátá kí ọlọ́jọ́ tó dé, níwájú àwọn ẹlẹ́rìí, pẹ̀lú ìwé. Kí ó kọ́kọ́ bi àáfáà tí ó mọ ogún dáadáa, kí ó sì pe àwọn ọmọ yòókù jókòó, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.